Adìẹ Tó Wọ Bàtà Lọ sí Ayépé

"Ìyá Àgbà, ẹsẹ̀ mélòó ni adìẹ ní?"

Ìyá Àgbà kò gbójú sókè. Ewùrà ló ń bẹ, ọ̀bẹ sì ń yọ́ lọ lábẹ́ èèpo bí ẹni ń bọ́ aṣọ lára ọmọ tó ti sùn. Ó ní, "Azeemah, o ti wà ní SS2, o ò tíì mọ iye ẹsẹ̀ adìẹ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà. Mo ń bi yín kí ẹ lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ ni. Ẹsẹ̀ méjì ni, èékánná sì mú lẹ́nu ẹ̀ ṣóńṣó. Ta ló máa rán bàtà tó máa bá irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu?"

Morádéyọ̀ Fálolú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé kejì, bú sẹ́rìn-ín nídìí iṣẹ́. "Bóyá bàtà gogoro ni. Gìgísẹ̀ adìẹ kì í kúkú kanlẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Máa rẹ́rìn-ín. Ohun ńlá wà nínú orin yìí."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni, lẹ́yìnkùlé ilé Gbàdàmọ́sí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìkókoré ni wọ́n fẹ́ sè. Ẹni tó bá ti rin ewùrà rí lára páànù tí wọ́n fi ìṣó dá ihò sí mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan ṣoṣo, torí omi ewùrà a máa yúnni lọ́wọ́ títí dé ìgúnpá. Ẹnìkan á rin ín díẹ̀, ẹlòmíràn á gbà á, ẹni tó ń sinmi á máa fi epo pupa pa ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Azeemah àti Morádéyọ̀ ṣe ń ṣe é láti kékeré. Wọn kì í sì í ṣe é láìkọ orin tí Ìyá Àgbà bá lẹ́nu ìyá tirẹ̀:

Adìẹ wa wọ bàtà, ó dọ̀nà Ayépé,
Ó ra iyọ̀, kò ra ata.
Ta ló gbé igbá rẹ̀?
Fálolú ni, Fálolú kọ́,
Fálolú ló mọ ibi tí igbá wà.

Bí wọ́n bá kọ ọ́ parí, Morádéyọ̀ á gba páànù. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí rẹ̀ rí.

Azeemah ni ọmọ tó ń ro ọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi rẹ̀ ẹ́. Bí aládùúgbò bá kí i pé "Káàárọ̀ o," á máa bi ara rẹ̀ ìdí tí ẹni náà fi fi "o" sí i lónìí, nígbà tí kò fi sí i lánàá. Àmọ́ ti orin adìẹ yìí ní ohun tó fà á. Ọjọ́ Àṣà ilé-ìwé wọn ti ń bọ̀. Ìyáàfin Ṣíjúadé, olùkọ́ èdè Yorùbá, ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ díje wá orin ọmọdé àtijọ́ kan, kí ó wá túmọ̀ rẹ̀ níwájú gbogbo ilé-ìwé. Ẹni tó bá gbégbá orókè ni yóò lọ ṣojú wọn ní Abẹ́òkúta. Azeemah kò dé Abẹ́òkúta rí. Inú ìwé ló ti ń wo Àpáta Olúmọ, ó sì ń wù ú kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Bó ti ń gbálẹ̀ ló ń ro orin náà, bó ti ń fọṣọ ló ń rò ó. Lójú tirẹ̀, adìẹ tó bá wọ bàtà kì í ṣe adìẹ mọ́, obìnrin olówó kan ni. Kì í sì í ṣe nítorí iyọ̀ ni obìnrin náà ṣe lọ sí Ayépé, torí iyọ̀ kún ọjà Òkè-Ajé débi pé ewúrẹ́ ń lá a nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ogún ló bá lọ. Ó wá ra iyọ̀, kò ra ata. Orí èyí ni Azeemah pẹ́ sí jù. Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló máa dé ọjà tó máa gbàgbé ata, bí kò ṣe ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú? Kí ló sì da ọkàn rẹ̀ rú? Wọ́n ti gbé igbá rẹ̀ lọ, àwọn ohun ìní ìdílé sì wà nínú rẹ̀. Ta ló gbé e? Orin dárúkọ ẹni náà. Orin tún yára sá padà, ó ní òun kọ́, bí ẹlẹ́rìí tí wọ́n halẹ̀ mọ́ ní kóòtù. Ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn, òótọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀: Fálolú ló mọ ibi tí igbá wà.

Nígbà tí Azeemah ro ó dé ibí, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé omi tó gbé kaná. Omi gbẹ tán, ìkòkò sì dúdú.

Ó rántí Morádéyọ̀ o. Ṣùgbọ́n ó sọ fún ara rẹ̀ pé Fálolú pọ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, àti pé ọ̀rọ̀ àwọn ará àtijọ́ kò lè dun ọmọ ìwòyí.

Ó tọ Ìyá Àgbà lọ. "Ìyá Àgbà, kí ni ìtumọ̀ orin adìẹ yẹn gan-an?"

"Adìẹ lọ ra iyọ̀."

"Ṣé ìyẹn nìkan ni?"

"Ó gbàgbé ata."

"Ẹ ò rò pé nǹkan kan wà lábẹ́ ẹ̀?"

"Lábẹ́ adìẹ?" Ìyá Àgbà wò ó. "Ẹyin ni."

Azeemah kò béèrè ọ̀rọ̀ Fálolú rárá. Ẹ̀rù ń bà á kí Ìyá Àgbà má lọ fi ẹnu kan ṣoṣo ba ohun tó ti dùn jẹ́.

Nígbà tó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún Ìyáàfin Ṣíjúadé, olùkọ́ náà yọ awò ojú rẹ̀. "Ó dùn. Ta ló sọ ọ́ fún ẹ?"

"Mo rò ó ni, mà."

"Ìrònú dára. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ, àwọn adájọ́ á gbà á gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Padà lọ béèrè nílé."

Azeemah padà sílé lóòótọ́, kò béèrè. Gbólóhùn kan péré ló fi kún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbólóhùn yẹn kéré, kò gba àyè, ó sì rọrùn lẹ́nu.

Ní Ọjọ́ Àṣà, gbọ̀ngàn kún. Bí wọ́n ti pe Azeemah, Morádéyọ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Azeemah kọ orin náà, ó sì tú u ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi bàtà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ibi iyọ̀, wọ́n dákẹ́. Nígbà tó dé ibi igbá, kódà àwọn olùkọ́ na ọrùn síwájú. Ó wá ní, "Èmi kọ́ ni mo rò ó. Ìyá àgbà mi ló sọ ọ́ fún mi, ìyá tiwọn ló sì sọ ọ́ fún wọn. Ohun tí àwọn àgbà bò mọ́lẹ̀ ni àwọn ọmọdé ń fi orin jẹ́rìí sí."

Àtẹ́wọ́ bẹ́. Láàárín àtẹ́wọ́ náà, Abdulhakeem, aláwàdà kíláàsì wọn, dìde lẹ́yìn pátápátá, ó fọwọ́ sẹ́nu, ó ní, "Fálolú, igbá dà?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Azeemah náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí Morádéyọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè bí ẹni tó fẹ́ pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n méjèèjì kò pàdé mọ́.

Wọ́n fi Azeemah ṣe ẹni àkọ́kọ́.

Kí wọ́n tó jáde ilé-ìwé lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ti di orin mìíràn. Ẹni tí bírò rẹ̀ bá sọ nù, wọ́n á ní kó lọ bi Fálolú. Ẹni tí kò rí ìjókòó rẹ̀, Fálolú ló gbé e. Ọmọ JS1 kan tí kò mọ Morádéyọ̀ rí bi í nídìí ẹ̀rọ omi pé, "Sìsítà, ṣé ẹ̀yin lẹ gbé igbá?"

Azeemah sáré bá a lójú ọ̀nà. "Morádéyọ̀, dúró. Ṣé o mọ̀ pé eré ni wọ́n ń ṣe?"

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé eré ni ìwọ náà ń ṣe?"

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni mo sọ."

"Ìyá Àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ lóòótọ́?"

Azeemah bẹ̀rẹ̀ sí í tún okùn báàgì rẹ̀ ṣe. Morádéyọ̀ sọdá sí òdì kejì títì, ibẹ̀ ló sì rìn dé ilé.

Sátidé dé. Ewùrà wà nílẹ̀, páànù wà nílẹ̀, Morádéyọ̀ kò wá.

"Ọ̀rẹ́ ẹ dà?" Ìyá Àgbà béèrè.

"Iṣẹ́ àṣetiléwá pọ̀ fún un, mà."

"Ìwọ ò ní iṣẹ́ àṣetiléwá?"

Azeemah fi orí sínú iṣẹ́. Ó rin ewùrà títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń jó o bí ẹni tó fọwọ́ kan wèrèpè. Ìyá Àgbà ń kọ orin náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bó ti ń gún ata. Nígbà tó dé ibi "Fálolú ni, Fálolú kọ́," ó nawọ́ sí apá òsì láìwo ibẹ̀, bó ti máa ń ṣe, bí ẹni tó ń fi nǹkan lé ẹnìkan lọ́wọ́. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì fà á padà. Ìkókoré ọjọ́ náà dùn bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀bà tútù tí àwọn Ìjẹ̀bú fi ń jẹ ẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Azeemah kò lè jẹ ẹ́ tán.

Ní ọjọ́ kejì, Ààfáà ilé kéú lọ ìrìn àjò, kò sí ẹ̀kọ́. Ìyá Àgbà bu ìkókoré sí abọ́, ó dé e. "Gbé e lọ fún àwọn Fálolú. Iṣẹ́ àṣetiléwá kì í dí ẹnu."

Azeemah kì í sí nílé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ilé kéú ló máa ń wà. Nítorí náà kò mọ̀ pé àkókò yìí gan-an ni àwọn Fálolú ń rin ewùrà tiwọn, bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn. Kó tó yọ sí wọn, ó gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kéékèèké:

Ta ló gbé igbá rẹ̀?
Gbàdàmọ́sí ni, Gbàdàmọ́sí kọ́,
Gbàdàmọ́sí ló mọ ibi tí igbá wà.

Azeemah dúró gbọnyin, abọ́ lọ́wọ́. Gbàdàmọ́sí kẹ̀? Ara rẹ̀ gbóná. Ta ló fi orúkọ ìdílé àwọn sínú orin olè? Wọn kì í jalè nílé wọn. Bàbá àgbà òun kì í tilẹ̀ rìn dé Ayépé, orúnkún a máa dùn ún. Bó bá sì jẹ́ pé ó dé ibẹ̀, bóyá adìẹ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun di igbá mú kí òun so okùn bàtà. Àwíjàre ti ń ga lọ́kàn rẹ̀ bí òkìtì ọ̀gán nígbà tí Mọ́ṣádé, àbúrò Morádéyọ̀, gbójú sókè tó rí i.

"Ó kàn yín, Àǹtí Azeemah," ni ọmọ náà wí. Ó na páànù sí i.

"Kí ló kàn mí?"

"A ti pè yín. Tí a bá ti dé 'Gbàdàmọ́sí,' ẹni tó ń rin ín máa sinmi, ẹlòmíì á gbà á. Ẹ̀yin ò wá rí, ìdí nìyẹn tó fi máa ń jẹ́ èmi. Ọwọ́ sì ń yún mi."

"Ta ní kí ẹ máa pe Gbàdàmọ́sí?"

"Màmá wa àgbà tó ti kú ni. Wọ́n ní Ìyá Àgbà yín ló máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé wá bá àwọn gbà á nígbà kan. Wọn ò sì lè máa pe orúkọ ara wọn."

Azeemah wo abẹ́ páànù. Igbá kan wà níbẹ̀, ewùrà tí wọ́n ti rin kún un dé ìdajì. Igbá náà nìyẹn. Kò sí ogún nínú rẹ̀, kò sí kóòtù. Ó rántí ọwọ́ tí Ìyá Àgbà nà sí apá òsì lánàá, tí ẹnikẹ́ni kò gbà. Orúkọ ẹni tí wọ́n ń retí ni wọ́n ń pè nínú orin, òun sì ti fi orúkọ yẹn ṣe olè níwájú gbogbo ilé-ìwé.

Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó jókòó, ó gba páànù.

Nígbà tí Morádéyọ̀ jáde láti ilé ìdáná, ó bá a níbẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ta ní kí o rin ín?"

"Orin ló pè mí."

Morádéyọ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"O mọ̀," ni Azeemah wí. "O mọ̀ pé orúkọ tiwa lẹ ń pè níbí. Kí ló dé tí o ò dìde sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn?"

"Kí n dìde láàárín èrò, kí n ní Ìyá Àgbà purọ́? O ní àwọn ló sọ ọ́." Ohùn Morádéyọ̀ lọ sílẹ̀. "Kì í ṣe Abdulhakeem ló dùn mí. Ẹni tó ń bú gbogbo ayé ni. Ohun tí mo ń rò ni pé, ṣé ojú olè ni Ìyá Àgbà fi ń wò mí ní gbogbo Sátidé tí mo ń jókòó tì wọ́n? Ṣé wọ́n máa ń ka abọ́ wọn tí mo bá lọ tán?"

Ọwọ́ Azeemah dúró lórí páànù. Kò ro ọ̀rọ̀ náà dé ibẹ̀ rí. Òun tó ń ro bàtà adìẹ, tó ń ro iyọ̀ àti ata, kò ro ibi tí gbólóhùn kékeré kan yóò ti lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Àgbà kò sọ ọ́," ni ó wí. "'Adìẹ lọ ra iyọ̀, ó gbàgbé ata.' Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Èmi ni mo ro ìyókù, mo sì fi wọ́n jẹ́rìí nítorí kí n lè borí. Lánàá, wọ́n nawọ́ sí àyè ẹ, o ò sí níbẹ̀. Má bínú, Morádéyọ̀."

Morádéyọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. "O ò tilẹ̀ bi mí. Ojoojúmọ́ lò ń rí mi."

"N kò bi ẹ́."

"Ṣé o lè sọ èyí níbi tí o ti sọ ìyẹn?"

"N ó sọ ọ́."

"Abẹ́òkúta ńkọ́?"

Azeemah tún bẹ̀rẹ̀ sí í rin ewùrà. "Olúmọ ò ní sá lọ."

Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ bá Ìyáàfin Ṣíjúadé kí aago tó lù. Olùkọ́ náà tẹ́tí sí i títí ó fi sọ tán, ó ní, "Èmi ni mo ní kí o lọ béèrè. O mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀?" Ó mú un lọ síwájú gbogbo ilé-ìwé níbi àpéjọ àárọ̀. Azeemah sọ ọ́ níbẹ̀ pé Ìyá Àgbà òun kò sọ ohun tí òun fi sí wọn lẹ́nu, pé Fálolú kankan kò gbé igbá ẹnikẹ́ni, àti pé ní ilé kejì sí tiwọn, Gbàdàmọ́sí ni wọ́n ń pè. Ẹ̀rín sọ, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń rín lọ́tẹ̀ yìí. Ipò àkọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlámilékan tó ṣe ipò kejì ni yóò lọ sí Abẹ́òkúta. Ó dun Azeemah, kò sì purọ́ pé kò dun òun.

Lásìkò ìsinmi, Abdulhakeem dúró dè é. "Gbàdàmọ́sí, igbá dà?"

"Ó wà nílé wa. Wá lọ́jọ́ Sátidé, wàá bá a."

Ọmọ tó fẹ́ràn oúnjẹ ni Abdulhakeem. Ó wá lóòótọ́. Morádéyọ̀ náà ti dé kó tó dé, ó jókòó sí apá òsì Ìyá Àgbà bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ìyá Àgbà ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn sọ fún Azeemah pé, "O fi mí jẹ́rìí ohun tí ojú mi ò rí. Bó o bá tún fẹ́ kí n sọ̀rọ̀, bi mí." Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ Morádéyọ̀ mú, ó fi epo pa á fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà kò tíì rin nǹkan kan.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. Nígbà tí wọ́n dé ibi orúkọ, Morádéyọ̀ ṣẹ́jú sí Azeemah, àwọn méjèèjì sì gbé e pọ̀: "Abdulhakeem ni, Abdulhakeem kọ́." Abdulhakeem gba páànù tìyanutìyanu. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í họ apá rẹ̀, tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tètè pe ẹlòmíràn.

Azeemah wo adìẹ kan tó ń tan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó gbìyànjú láti dákẹ́, kò ṣeé ṣe. "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹyọ kan péré. Kí ni adìẹ yẹn fẹ́ fi bàtà ṣe?"

"Ọ̀nà Ayépé máa ń gbóná lọ́sàn-án," ni Ìyá Àgbà wí.

Azeemah gba èsì náà bẹ́ẹ̀, kò fi nǹkan kan kún un. Ẹ̀yin ọmọ, ìrònú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ máa ronú títí agbárí á fi gbóná. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá rò, ẹ pè é ní ìrònú yín, ẹ má ṣe fi sí àgbà lẹ́nu, ẹ má sì fi orúkọ ọmọlákejì ṣe ọ̀ṣọ́ rẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí èsì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè jẹ́ ẹni tó jókòó tì yín, tí epo wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń dúró kí ẹ pe orúkọ òun.